Ibi tí kámẹ́rà yín dojú kọ: bí ẹ ṣe lè rí àpótí fókọ́ọ̀sì lórí kọ̀ǹpútà

Gèlè ìyàwó mú débi pé ẹ lè máa ka òwú tí wọ́n fi hun ún, àmọ́ ojú ìyàwó fúnra rẹ̀ rí bàìbàì. Kò sí onífótò òde àríyá tí kò tíì bá irú àwòrán bẹ́ẹ̀ pàdé. Àwọn kan á ní lẹ́ǹsì ló bàjẹ́, wọn á gbé e lọ fún àwọn tó ń tún kámẹ́rà ṣe. Àwọn mìíràn á kàn pa fáìlì náà rẹ́. Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ bi fáìlì náà léèrè ọ̀rọ̀. Kámẹ́rà ti kọ ibi tó dojú kọ sínú rẹ̀ lásìkò tí ẹ tẹ bọ́tìnì.

Àpótí kékeré tó máa ń tàn nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì dé ìdajì, tí kámẹ́rà á sì dún pí-pí, òun ni mò ń pè ní àpótí fókọ́ọ̀sì. Canon, Nikon, Sony àti ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ló ń tọ́jú ipò rẹ̀ sínú fótò, ẹ sì lè mú un jáde lórí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn òde, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ohun kan sọ́kàn: ibi tí kámẹ́rà dojú kọ ni àpótí yìí ń fi hàn. Ibi tí àwòrán ti mú jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí méjèèjì bá bọ́ sí ojú kan, kò sí wàhálà. Bí wọ́n bá yàtọ̀ síra, ọ̀nà tí wọ́n gbà yàtọ̀ ló máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín.

Fáìlì tààrà láti inú káàdì ni kí ẹ lò

Ọjọ́ tí ẹ ya fótò, ìyára ṣọ́tà, ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), ìwọ̀n tí ẹ ṣí lẹ́ǹsì dé: gbogbo ìwọ̀nyí wà nínú Exif, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí kámẹ́rà ń fi sínú fótò, gbogbo áàpù ló sì lè kà wọ́n. Ti àpótí fókọ́ọ̀sì kò rí bẹ́ẹ̀. Igun kan tí wọ́n ń pè ní MakerNotes ló wà, níbi tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń kọ nǹkan lọ́nà tiwọn, tí wọn kì í sì í ṣàlàyé rẹ̀ fáráyé. Bí Canon ṣe ń kọ ọ́ kọ́ ni Nikon ṣe ń kọ ọ́. Kódà, kámẹ́rà méjì láti ilé-iṣẹ́ kan náà lè kọ ọ́ lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyẹn tí Lightroom àti Photoshop, àwọn áàpù tí a fi ń tún fótò ṣe, kì í fi àpótí náà hàn fúnra wọn, bó ti wù kí owó tí ẹ ń san fún wọn lóṣooṣù pọ̀ tó.

MakerNotes kì í sì í pẹ́ sọnù. Bí ẹ bá ti tẹ Export nínú Lightroom, JPEG tó jáde kò ní in mọ́. Bí ẹ bá fi fótò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ṣe ń fi fótò ránṣẹ́, Exif lódindi ló bọ́ dànù. Nítorí náà, fótò tí oníbàárà dá padà fún yín pé “ẹ wo ojú mi, kò mọ́” kò lè dá yín lóhùn. Ẹ padà sídìí fáìlì tó jáde láti inú káàdì: CR2 tàbí CR3 fún Canon, NEF fún Nikon, ARW fún Sony, RAF fún Fujifilm, tàbí JPEG tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ṣe, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn.

Tí ẹ bá jẹ́ ẹni tó máa ń sọ RAW (fáìlì kámẹ́rà tí a kò tíì sọ di JPEG, bíi CR2 tàbí NEF) di DNG, irú RAW ti Adobe, Adobe DNG Converter ń gbé MakerNotes náà lọ sínú DNG, ExifTool tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ sì lè bá yín wò ó níbẹ̀. Àmọ́ ẹ má retí pé áàpù Canon tàbí ti Nikon máa ṣí irú DNG bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, ẹ má pa RAW rẹ́ títí ẹ ó fi kó álíbọ́ọ̀mù fún oníbàárà, tí ó sì ti gbà á tayọ̀tayọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó lẹ́yìn kámẹ́rà

Kì í ṣe gbogbo ìgbà la nílò kọ̀ǹpútà. Lórí Canon, ẹ lọ sí mẹ́nù Playback, ẹ wá AF point disp., kí ẹ yí i sí Enable. Lórí Nikon, inú mẹ́nù Playback náà ni, ní Playback display options: ẹ fi àmì sí Focus point, kí ẹ sì fi ìyípadà náà pamọ́ kí ẹ tó jáde. Láti ìgbà yẹn lọ, bí ẹ bá ṣí fótò lẹ́yìn kámẹ́rà, àpótí á wà lórí rẹ̀. Tí ẹ bá ti rí i lójú agbo pé orí gèlè ló ń bọ́ sí, ẹ ṣì ní àyè láti tún un yà. Lálẹ́ ọjọ́ kejì nídìí kọ̀ǹpútà, àyè yẹn ti kọjá.

Áàpù tí ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà fúnra wọn ṣe

Ibí ni mo máa ń ní kí gbogbo ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n, kò sì sẹ́ni tó lè ka ọwọ́ Canon dáadáa bíi Canon fúnra wọn. Ẹ̀sùn tí àwọn ènìyàn máa ń fi kàn wọ́n ni pé wọ́n lọ́ra, ẹ̀sùn náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ má fi wọ́n tún fótò ṣe bí ẹ kò bá fẹ́. Ẹ fi wọ́n wo àpótí nìkan, kí ẹ sì padà sídìí Lightroom yín.

Canon: áàpù náà ni Digital Photo Professional, DPP ni wọ́n ń pè é. Ẹ wà á láti ojúlé Canon. Ó lè béèrè nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí abẹ́ kámẹ́rà, nítorí náà ẹ gbé kámẹ́rà sítòsí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sórí kọ̀ǹpútà, ẹ tọ́ka sí fódà tí fótò wà, ẹ ṣí fótò kan, kí ẹ wá AF Point nínú àwọn mẹ́nù òkè. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo ojú fókọ́ọ̀sì (àwọn ibi tí kámẹ́rà lè dojú kọ) á yọ sórí fótò, àwọn tí kámẹ́rà lò á sì yàtọ̀ láwọ̀. Bí ẹ bá ti dín fótò kù tí ẹ sì fi pamọ́ bíi fáìlì tuntun, àpótí kò ní hàn lórí tuntun náà mọ́.

Nikon: NX Studio ni, èyí tó jáde lọ́dún 2021 láti gba ipò ViewNX-i àti Capture NX-D. Nínú ọ̀wọ́ bọ́tìnì tó wà lókè fótò, ẹ wá èyí tó ní Show focus point bí ẹ bá gbé máòsì lé e. NEF àti JPEG tó tààrà láti inú kámẹ́rà ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Sony: Imaging Edge Desktop ni. Apá tí wọ́n ń pè ní Viewer nínú rẹ̀ ni kí ẹ ṣí, kí ẹ sì tan ohun tó ń fi férémù fókọ́ọ̀sì hàn.

Lẹ́yìn tí àpótí bá ti yọ, ẹ sún fótò sí 100%. Èyí ṣe kókó gan-an. Lójú kékeré, gbogbo fótò ló ń dà bíi pé ó mú. Ní 100%, tí àpótí sì wà nílẹ̀, ẹ ó rí bóyá ìpéǹpéjú tó wà nínú àpótí ló mú, tàbí etí tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹ bá ń gbé inú Lightroom Classic

Lightroom Classic kò mọ nǹkan kan nípa àpótí fókọ́ọ̀sì, àmọ́ ó fàyè gba plug-in, ìyẹn áàpù kékeré tí a ń so mọ́ áàpù ńlá. Ọ̀kan wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, Focus Points lorúkọ rẹ̀, orí GitHub ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ó ń ṣiṣẹ́ fún Canon, Nikon, Sony, Fujifilm, Olympus àti àwọn mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo kámẹ́rà ló ń kà dọ́gbadọ́gba. Ẹ ṣàkíyèsí o: Lightroom Classic ni mo wí. Lightroom tó ń tọ́jú fótò sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti èyí tó wà lórí fóònù, kì í gba irú plug-in báyìí.

Báyìí ni ẹ ó ṣe fi sí i:

1. Ẹ wa zip rẹ̀ láti ojúlé GitHub rẹ̀, ẹ tú u. Fódà kan tí orúkọ rẹ̀ parí pẹ̀lú .lrplugin á jáde nínú rẹ̀.

2. Ẹ gbé fódà yẹn sí ibi tí ẹ kò ní ti ṣèèṣì pa á rẹ́. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ nínú Downloads, tí ẹ sì palẹ̀ Downloads mọ́ lóṣù tó ń bọ̀, plug-in náà á bá ìdọ̀tí lọ, Lightroom á sì máa wá a kiri.

3. Nínú Lightroom Classic, ẹ lọ sí File, lẹ́yìn náà Plug-in Manager. Ẹ tẹ Add nísàlẹ̀, ẹ yan fódà náà. Iná àwọ̀ ewé á tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.

4. Ẹ padà sí Library, ẹ yan fótò kan. Nínú mẹ́nù Library, ẹ lọ sí Plug-in Extras, ibẹ̀ lẹ ó ti rí ohun tó ń fi àpótí hàn. Bí ẹ bá wà nínú Develop, abẹ́ File ni Plug-in Extras wà.

Fèrèsé kékeré kan á yọ pẹ̀lú fótò àti àpótí lórí rẹ̀. Plug-in náà ní láti ka fáìlì gidi lórí dísíìkì. Tí RAW yín bá wà lórí hard drive tó wà nínú àpò nílé, tó jẹ́ Smart Preview (ẹ̀dà kékeré tí Lightroom ṣe) nìkan ló wà lórí kọ̀ǹpútà, kò ní rí nǹkan kan kà. Ẹ so drive náà mọ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ tó bínú sí plug-in.

Ìkìlọ̀ kan sí i lórí Lightroom. Àwọn kan máa ń di Alt mú, wọ́n á fa Masking lábẹ́ Sharpening, wọ́n á sì sọ pé ibi tó funfun ni kámẹ́rà dojú kọ. Rárá o. Etí àwọn nǹkan nínú àwòrán ni Masking ń wá, kí ó lè mọ ibi tó máa fi sharpening sí. Kò bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ kankan.

ExifTool, fún ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lágbára

Áàpù ńlá ni DPP àti NX Studio, kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà lè máa mí gúlegúle lábẹ́ wọn. ExifTool kéré, ó yára, ọ̀fẹ́ ni. Phil Harvey ló ṣe é, láti ọdún 2003 ló sì ti wà níta. Ìmọ̀ tó kó jọ nípa MakerNotes ni ọ̀pọ̀ áàpù mìíràn gbẹ́kẹ̀ lé, títí kan plug-in tí mo sọ lókè. Kò ní ya àpótí sórí fótò fún yín. Nọ́ńbà ló máa fún yín, ẹ̀yin lẹ ó sì wá ibẹ̀ fúnra yín.

Lórí Windows, ẹ wà á láti exiftool.org, ẹ tú zip náà. Ẹ ó rí exiftool(-k).exe àti fódà exiftool_files. Kí àwọn méjèèjì máa wà pa pọ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ fi máòsì fa fótò kan lé orí exiftool(-k).exe, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀. Fèrèsé dúdú á ṣí, gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì á sì tò sílẹ̀. Ó máa ń pọ̀ rẹpẹtẹ. Tí ẹ bá fẹ́ kìkì ọ̀rọ̀ fókọ́ọ̀sì, ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà sí exiftool.exe, ẹ ṣí Command Prompt nínú fódà náà, kí ẹ tẹ:

exiftool -s "-*AF*" "-*Focus*" -SubjectArea DSC01234.ARW

Ẹ fi orúkọ fótò tiyín rọ́pò èyí tó wà níparí. Lórí Mac, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sórí ẹ̀rọ, Terminal ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ẹ máa rí sinmi lórí kámẹ́rà. Ti Sony ló yéni jù. FocusLocation á ní nọ́ńbà mẹ́rin, bí àpẹẹrẹ 6000 4000 3105 1422. Méjì àkọ́kọ́ ni ìbú àti gíga àwòrán. Méjì tó kẹ́yìn ni ibi tí kámẹ́rà dojú kọ, tí a kà láti igun òsì lókè: 3105 sí apá ọ̀tún, 1422 sí ìsàlẹ̀. Ẹ fi Paint ṣí JPEG fótò náà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa gbé máòsì kiri títí nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ fèrèsé á fi sún mọ́ 3105 àti 1422. Ibẹ̀ ni.

Canon fẹ́ kí ẹ ṣírò. Láti àárín àwòrán ni ó ti ń kà, kì í ṣe láti igun. AFAreaXPositions àti AFAreaYPositions ní nọ́ńbà fún ojú fókọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, AFPointsInFocus ló sì ń sọ èwo nínú wọn ló ṣiṣẹ́. Ẹ rántí pé 0 ló ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkà, kì í ṣe 1. Ká ní AFImageWidth jẹ́ 6000, AFImageHeight 4000, tí ojú tó ṣiṣẹ́ sì ní X -840 àti Y 310. Àárín jẹ́ 3000 àti 2000. Ẹ yọ 840 kúrò nínú 3000, ó ku 2160. Lórí àwọn kámẹ́rà EOS, Y tí kò ní àmì ìyọkúrò ń lọ sókè, nítorí náà ẹ yọ 310 kúrò nínú 2000, ó ku 1690. 2160 àti 1690 láti igun òsì lókè, ibẹ̀ ni kámẹ́rà dojú kọ.

Fujifilm ń pe tirẹ̀ ní FocusPixel. Panasonic ní AFPointPosition, tó máa ń lọ láti 0 dé 1, kí 0.5 0.5 sì jẹ́ àárín gan-an. iPhone pàápàá ń kọ SubjectArea: méjì àkọ́kọ́ ni àárín ibi tó wò, méjì tó kù ni ìbú àti gíga rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún fótò tí ẹ gbé kámẹ́rà dúró lóòró yà. Bí kámẹ́rà ṣe máa ń rí nígbà tó bá dùbúlẹ̀ ni àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe ń kà, kò kàn wọ́n bóyá ẹ gbé e dúró. Ẹ yí fótò náà padà sí ìdùbúlẹ̀ kí ẹ tó wá ibẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó máa wá imú lórí bàtà.

Kí ni àpótí náà wá ń sọ?

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Ẹ ti rí àpótí, ẹ ti sún fótò sí 100%. Ẹ wo ibi méjì: inú àpótí, àti ibi tó mú jù nínú fótò náà, níbikíbi tó bá wà.

Bí àpótí bá wà lórí gèlè, lórí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, tàbí lórí ẹni tó dúró lẹ́yìn, tí ibẹ̀ sì mú dáadáa, lẹ́ǹsì yín kò ṣe nǹkan kan. Kámẹ́rà ló yan ibẹ̀, nítorí pé ẹ fún un láyè láti yàn. Fókọ́ọ̀sì ń fẹ́ ibi tí dúdú àti funfun ti pààlà, ibi tó ní ìlà, tó ń dán. Nínú gbọ̀ngán tí iná rẹ̀ kò tó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jọ̀lọ̀ kò ní nǹkan tí kámẹ́rà lè dì mú, àmọ́ òwú aṣọ òkè tó ń kọ mànà, òkúta tí wọ́n tò sára léèsì, àti etí gèlè kún fún un. Tí kámẹ́rà yín bá ní ìdámọ̀ ojú, ẹ tan án. Tí ó bá jẹ́ DSLR, ìyẹn kámẹ́rà tó ní dígí nínú, ẹ yí i sí ojú fókọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, kí ẹ fúnra yín gbé e lé ẹyinjú tó sún mọ́ yín jù, níbi tí funfun ojú ti pàdé ìpéǹpéjú.

Àkókò ìnáwó máa ń fa irú rẹ̀ mìíràn. Ẹ ti gbé àpótí lé ojú ọlọ́jọ́ ìbí, kámẹ́rà sì ń tẹ̀ lé e bó ṣe ń jó, ni ẹnìkan bá na ọwọ́ láti lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Kámẹ́rà á fò sórí ọwọ́ tàbí orí náírà. Àpótí á fi hàn yín kedere: ojú, ojú, owó, owó, ojú. Ìtọ́jú rẹ̀ wà nínú mẹ́nù. Lórí Canon tó ní Tracking sensitivity, ẹ fà á sí apá Locked on. Lórí Nikon, ohun tí ẹ ń wá ni Focus tracking with lock-on, tàbí Blocked shot AF response lórí àwọn kan. Ẹ gbé e sókè, kí kámẹ́rà má tètè fi ẹni tó ń tẹ̀ lé sílẹ̀.

Bí àpótí bá wà lórí èjìká tàbí lórí ògiri, tó sì dá yín lójú pé ojú lẹ dojú kọ, ẹ ti lo ojú fókọ́ọ̀sì àárín, kámẹ́rà dún, ẹ wá yí kámẹ́rà díẹ̀ kí àwòrán lè wuni. Àpótí kò tẹ̀ lé yín. Ojú àárín ló ṣì wà, àárín fótò náà ló sì ti máa yọ. Èyí nìkan kì í ṣe ẹ̀sùn. Àmọ́ yíyí kámẹ́rà lè gbé fókọ́ọ̀sì kúrò lójú. Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀: ẹ dúró ní mítà 1.5 sí ẹni náà pẹ̀lú lẹ́ǹsì 50mm lórí kámẹ́rà full frame (èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi tó fíìmù 35mm), ẹ dojú kọ ẹyinjú, ẹ wá yí kámẹ́rà ní dígírì 15. Ibi tó yẹ kó mú ti sún sẹ́yìn ẹyinjú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Ní f/1.8 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó), gbogbo ibi tó máa mú láti iwájú dé ẹ̀yìn kò fi bẹ́ẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, ìdajì rẹ̀ ló sì wà níwájú. Ẹyinjú ti dé etí bèbè. Ní f/4, ẹ ò bá má mọ̀ rárá. Ẹ gbé ojú fókọ́ọ̀sì lọ bá ẹyinjú, ẹ má gbé kámẹ́rà kúrò lójú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti dún.

Bí àpótí bá wà lórí ẹyinjú gan-an, tí etí tàbí ìrun tó wà lẹ́yìn sì mú ju ojú lọ, ẹ má tètè dá lẹ́ǹsì lẹ́bi. Lẹ́ǹsì 85mm tí ẹ ṣí dé f/1.4, ní mítà 2, kì í mú ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4.6 lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ẹ bá mí, ẹ ti sún díẹ̀. Bí ẹni tí ẹ ń yà bá rẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ ti sún. Ní f/2.8, ó di bíi sẹ̀ǹtímítà 9, ìyẹn sì ti tó fún ojú méjèèjì bí ẹni náà bá kọ ojú sí yín dáadáa. Ohun tó máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ara ló ń sún tàbí kámẹ́rà ló ń ṣìnà ni kí ẹ wo fótò púpọ̀. Bí fókọ́ọ̀sì bá ń bọ́ síwájú lónìí, tó ń bọ́ sẹ́yìn lọ́la, ara ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ń bọ́ sí nígbà gbogbo, lórí DSLR, pẹ̀lú lẹ́ǹsì kan náà, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì yẹn kò gbọ́ra wọn yé.

Bí àpótí bá wà níbi tó yẹ, tí kò sì sí ibì kankan tó mú nínú fótò náà, ọ̀rọ̀ fókọ́ọ̀sì kọ́ nìyẹn. Ẹ wo àwọn iná kéékèèké tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń dán: bí gbogbo wọn bá fà gùn sí ọ̀nà kan náà, ọwọ́ yín ló gbọ̀n. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń jó nìkan ló fà, tí tábìlì àti àga ẹ̀yìn sì dúró kedere, òun ló yára ju ṣọ́tà yín lọ. 1/60 kò lè dá ẹni tó ń jó sí fújì dúró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1/250, kí ẹ jẹ́ kí ISO gòkè. Fótò tó ní ṣóróṣóró díẹ̀, ìyẹn àwọn àmì tótòtó tí ISO gíga ń fà, ṣeé tún ṣe. Èyí tó fà kò ṣeé tún ṣe.

Bí kò bá sí àpótí rárá, ẹ wo àwọn nǹkan mẹ́ta: bóyá lẹ́ǹsì wà lórí MF (níbi tó jẹ́ ọwọ́ lẹ fi ń yí fókọ́ọ̀sì), bóyá fáìlì náà ti gba inú áàpù mìíràn kọjá, àti bóyá bọ́tìnì ẹ̀yìn lẹ fi ń ṣe fókọ́ọ̀sì, tí ẹ sì ti jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ya fótò. Ti ìkẹta yìí máa ń da ọ̀pọ̀ láàmú, nítorí pé fótò lè mú dáadáa kí àpótí má sì hàn.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé àpótí kì í fi bẹ́ẹ̀ péye. Ojú tó ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú DSLR lè fẹ̀ ju àpótí tí wọ́n yà lọ, ó sì lè yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Bí àpótí bá wà lórí ojú tí ìlẹ̀kẹ̀ etí sì wà nítòsí rẹ̀, kámẹ́rà lè ti dì mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà.

Rírí ibi tó mú

Ojú yín ní 100% ló dára jù fún èyí, àmọ́ bí fótò bá pọ̀, áàpù lè ràn yín lọ́wọ́. Capture One ní Focus Mask, tó máa ń fi àwọ̀ ewé kun ibi tó mú. darktable, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ní focus peaking, tó ń tan àwọ̀ sára etí àwọn nǹkan tó mú. Àwọn méjèèjì ń wo àwòrán fúnra rẹ̀; wọn kò mọ nǹkan kan nípa ohun tí kámẹ́rà rò. Nítorí náà wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí JPEG tó ti gba WhatsApp kọjá pàápàá, níbi tí àpótí ti sọnù. Ohun tó lè tàn yín jẹ nínú wọn ni ṣóróṣóró ISO gíga, èyí tí wọ́n máa ń rò pé ó jẹ́ ohun tó mú.

Bó bá jẹ́ kámẹ́rà ló ń ṣìnà

Ká ní àpótí ti sọ fún yín pé ẹ̀yìn ni fókọ́ọ̀sì ń bọ́ sí. Kí ẹ tó gbé lẹ́ǹsì lọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ dán an wò nílé. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí tripod, ẹ to páálí bisikíìtì mẹ́ta sórí tábìlì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lẹ́yìn, kí wọ́n jìnnà síra ní bíi sẹ̀ǹtímítà 5, kí ọ̀kan má ṣe bo èkejì. Ẹ gbé ojú fókọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lé ti àárín. Ẹ ṣí lẹ́ǹsì dé ibi tó ṣí dé jù, ẹ lo self-timer kí ọwọ́ yín má kan kámẹ́rà. Ní fótò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ yí fókọ́ọ̀sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, kí kámẹ́rà lè wá a lọ́tun. Ẹ ya mẹ́wàá. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ rí i dájú pé páálí àárín ni àpótí wà nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kí ẹ tó wo páálí tó mú jù.

Bó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn ló mú jù nínú èyí tó pọ̀ jù, ẹ wá AF Microadjustment lórí Canon, tàbí AF fine-tune lórí Nikon. Kì í ṣe gbogbo DSLR ló ní in; àwọn tó kéré lówó kì í sábà ní in. Ẹ sún un díẹ̀ sí apá iwájú, ẹ tún ya mẹ́wàá mìíràn. Kámẹ́rà mirrorless, èyí tí kò ní dígí nínú, kì í sábà nílò èyí, nítorí pé orí sẹ́ńsọ̀ tó ń ya fótò náà ló ti ń ṣe fókọ́ọ̀sì. Bí mẹ́wàá náà bá tú ká, tí iwájú mú nínú mẹ́ta, àárín nínú mẹ́rin, ẹ̀yìn nínú mẹ́ta, ẹ má fọwọ́ kan fine-tune. Kò sí nọ́ńbà tí ẹ máa yí i sí tó máa tún un ṣe, lẹ́ǹsì náà ló yẹ kí ẹ gbé lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, kí ẹ sì kó fótò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá náà dání fún un.